Ká Ralé sí Katy àbí sí Pearland?

Bí ẹ bá ti gbé Houston, ní Texas, fún ọdún mélòó kan, ẹ ó ti gbọ́ ìbéèrè yìí níbi ìkómọjáde, níbi òkú àgbà, àti nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn: “Ẹ̀gbọ́n, Katy ni àbí Pearland?” Kì í ṣe pé kò sí ibòmíràn. Sugar Land wà, Richmond wà, Cypress náà wà. Àmọ́ ìlú méjì yìí lẹ́bàá Houston ni mo máa ń gbọ́ jù, torí pé ilé tuntun pọ̀ níbẹ̀, iléèwé ìjọba ibẹ̀ sì lórúkọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó gbàgbé kíṣìn ná. Níbo lo ti ń ṣiṣẹ́? Níbo ni omi ń gbà kọjá? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ìlú tán.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọ̀nà. Ìwọ̀-oòrùn ni Katy wà, nǹkan bíi máìlì 30 sí àárín Houston, lójú márosẹ̀ I-10. Wọ́n parí fífẹ̀ ọ̀nà yẹn ní 2008. Níbi tó gbòòrò jù, tí ẹ bá ka ti ẹ̀gbẹ́ àti èyí tí wọ́n ń sanwó gbà pọ̀, ojú ọ̀nà 26 ni. Ẹni tó bá mọ Ìkòròdú Road á rò pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti dohun ìgbàgbé. Rárá o. Bí ilé ṣe ń pọ̀ ni ọkọ̀ ń pọ̀. Ohun kan tún wà tí agẹ́ńtì kì í sọ: láàárọ̀, ìlà-oòrùn lẹ máa kọjú sí, oòrùn á wà lójú yín, nírọ̀lẹ́, ìwọ̀-oòrùn lẹ máa kọjú sí, oòrùn tún ti dúró dè yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Energy Corridor lẹ ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ epo bíi BP àti ConocoPhillips kó ọ́fíìsì sí, ẹ̀bá ilé yín ni. Ẹ má wulẹ̀ wá ibòmíràn.

Pearland ní tirẹ̀ wà ní gúúsù, lójú ọ̀nà 288. Láti ẹ̀sítéètì Shadow Creek Ranch níbẹ̀ sí Texas Medical Center, ọgbà àwọn ilé ìwòsàn ńlá, kò ju nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá lọ. Ní 2020 wọ́n ṣí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń sanwó gbà sáàárín 288 fún ẹni tí kò lè dúró. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì wa fi ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ wákàtí méjìlá, tó jáde ní aago méje àárọ̀, kò yẹ kó tún máa wakọ̀ máìlì 30. Ìyàwó mi ti ṣe é rí nígbà tí a ń háyà ilé ní apá Katy. Á ṣí gbogbo fèrèsé ọkọ̀ sílẹ̀, á máa jẹ ata gígún díẹ̀díẹ̀ láti inú ike kí oorun má bàa gbé e lọ.

Ẹni tí kò fẹ́ wakọ̀ wọ ìlú rí ojú rere ní Katy: ẹ lè páàkì ní Kingsland tàbí Grand Parkway, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì METRO, àjọ ọkọ̀ èrò Houston, lọ sáàárín ìlú. Pearland kò sí lábẹ́ METRO. Ẹlòmíràn máa ń wakọ̀ dé Fannin South, á wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀; ọkọ̀ náà á gba inú Medical Center kọjá.

Ó wá ku omi. Àgbàrá ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 2017 tí ìjì Harvey dé, adágún Barker, tí àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ ní àwọn ọdún 1940 láti máa gba omi òjò dúró, kún dẹ́yìn wọ inú àwọn ẹ̀sítéètì kan ní apá Katy. Ilẹ̀ tí ìjọba rà sílẹ̀ fún omi náà kò tó ibi tí omi lè dé; àwọn akọ́lé sì kọ́lé síbi tó kù. Ọ̀pọ̀ onílé ni kò mọ̀ pé inú adágún làwọn ń gbé. Ní 2019, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló jẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà.

Ní 2018, èmi àti ìyàwó mi lọ wo ilé kan ní apá ibẹ̀. Ọ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lára ògiri ni, kíṣìn ń dán gbinrin. Ìyàwó mi ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti ń sọ ibi tí odó máa wà. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Lára ọgbà onípákó tó pààlà ilé náà àti ti aládùúgbò, mo rí ìlà kan tó lọ gbọọrọ, ó ga dé orúnkún mi. Pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú ju tòkè lọ. Mo bi agẹ́ńtì pé kí leléyìí. Ó ní òjò ni. Òjò wo ló ń kun pákó ní ìlà tó dọ́gba? Mo wọlé lọ pe ìyàwó mi pé ká máa lọ.

Kì í ṣe pé Pearland bọ́ o. Odò Clear Creek wà níbẹ̀, Harvey sì fojú àwọn ará ibẹ̀ náà rí màbo. Láti 2019, òfin Texas ní kí ẹni tó ń talé kọ ọ́ sílẹ̀ bí omi bá ti wọ ilé náà rí, tàbí bó bá wà nínú àyè adágún. Ẹ ka ìwé yẹn kí ẹ tó sanwó. Inṣọ́ránsì ilé lásán kì í sanwó omíyalé. Ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ kì í ju 250,000 dọ́là lọ fún ilé, ó sì máa ń gba 30 ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àfi tí báńkì bá ní kẹ́ ẹ gbà á nígbà tí ẹ ń yáwó ilé. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ìròyìn bá ní ìjì ń bọ̀ ti pẹ́ jù.

Orúkọ “Katy” náà máa ń rú èèyàn lójú. Ní 2020, èèyàn tó wà nínú ìlú Katy gan-an kò tó 22,000, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Katy ISD, ìyẹn ẹkùn iléèwé ìjọba ibẹ̀, lé ní 80,000. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ Katy sí àdírẹ́sì rẹ̀, abẹ́ káúńtì lásán ló ń gbé: ẹ̀ṣọ́ káúńtì ni ọlọ́pàá rẹ̀, kò sì lè dìbò yan méyọ̀ Katy. Pearland ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú gidi, tó ti 37,640 èèyàn ní 2000 di 125,828 ní 2020, tó sì ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Síbẹ̀, ìwọ̀-oòrùn Pearland, bíi Shadow Creek Ranch, Alvin ISD ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe Pearland ISD. Àdírẹ́sì ilé ni kẹ́ ẹ fi wá iléèwé, ẹ má fi orúkọ ìlú wá a.

Owó orí ilé ló ń lé ẹlòmíràn kúrò. Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Ara ilé ló ti ń gbà á padà. Ẹ̀sítéètì tuntun sábà máa ń ní MUD, àjọ omi àdúgbò, èyí tó yáwó fi ṣe páìpù omi àti ojú àgbàrá, ẹ̀yin onílé lẹ ó sì máa san gbèsè náà. Ká ní ilé jẹ́ 350,000 dọ́là. Bí gbogbo owó orí bá jẹ́ 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún, 7,700 lọ́dún nìyẹn. Bí MUD bá gbé e dé 3, ó di 10,500. Ìlú méjèèjì ló ní irú èyí, nítorí náà ẹ béèrè ti ilé kọ̀ọ̀kan. Pàkúté kan tún wà: bí wọn ò bá tíì kọ́ ilé tán ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì, ilẹ̀ àti ibi tí wọ́n kọ́ ilé dé lọ́jọ́ náà nìkan ni káúńtì máa bu owó lé lọ́dún yẹn. Lọ́dún kejì, lẹ́tà á dé láti báńkì pé owó oṣooṣù ti gbéra. Ẹ tètè fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù homestead, tó ń dín owó orí ilé tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbé kù, ọ̀fẹ́ ni. Ní 2023, iye tí wọ́n ń yọ kúrò nínú iye ilé kí iléèwé tó bu owó orí lé e di 100,000 dọ́là. Ní 2025 wọ́n dìbò gbé e dé 140,000.

Ti ìgbádùn, Katy ló borí, mi ò ní purọ́. Katy Mills wà fún ọjà, Typhoon Texas wà fún àwọn ọmọ tó fẹ́ràn omi, Katy Asian Town wà fún ẹja tútù. Pápá bọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ iléèwé wọn ní 2017 gba èèyàn 12,000, ó sì lé ní 70 mílíọ̀nù dọ́là! Pearland ní Town Center tirẹ̀, ó tó ojú ṣe.

Pearland la rà sí níkẹyìn, nítorí iṣẹ́ ìyàwó mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ epo wà ní Katy. Bó bá di Sátidé, ojú ọ̀nà Bissonnet ní Houston la ti máa ń pàdé, níbi tí èlùbọ́ àti panla wà, òun pẹ̀lú báàgì tirẹ̀, àwa pẹ̀lú tiwa. Kò tíì sí Sátidé kan tí kò sọ pé Pearland ti jìnnà jù.