Wyludda tàbí Dietzsch: ta ni ká mú?

Ìlà-Oòrùn Jámánì ni wọ́n bí àwọn obìnrin méjèèjì tó ń ju àwo discus yìí sí, Dietzsch ní 1968, Wyludda ní 1969. Àwo discus oníkìlógíráàmù kan náà ni wọ́n jù dàgbà, àmọ́ orí wọn kò bá ọ̀nà kan náà rìn.

Ilke Wyludda gba wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta lọ́dún 1996 pẹ̀lú mítà 69.66, ẹni tó ṣe ipò kejì kò dé mítà 67. Ní ìdíje àgbáyé, fàdákà nìkan ló ń gbé wálé. Franka Dietzsch wá ńkọ́? Wúrà àgbáyé mẹ́ta: 1999, 2005, 2007. Ẹni ọdún 39 ni nígbà tó gba ti ìkẹyìn ní Osaka! Ṣùgbọ́n Òlíńpíìkì kò fún un ní nǹkan kan. Ní Atlanta yẹn gan-an, ipò kẹrin ló ṣe. Sẹ̀ǹtímítà 16 ló fi pàdánù idẹ. Bíi gígùn bírò kan, ẹ jàre.

Wúrà Dietzsch pọ̀ jù, mo gbà. Síbẹ̀ Wyludda lèmi máa mú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní 2010. Ní 2012 ó tún ju àwo ní Paralympics (Òlíńpíìkì àwọn aláàbọ̀ ara) ní London, lórí ìjókòó.