Mítà kẹ̀kẹ́ oníwáyà àti aláìníwáyà: èwo ló yẹ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lálẹ́?

Bó o bá ń tan iná LED sí iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ, má kàn ra mítà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń sáré tó hàn, torí pé ó rẹwà. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lára fọ́ọ̀kì, irin tó di táyà iwájú mú, máa ń fi àmì rédíò ta mítà aláìníwáyà àtijọ́ lólobó nígbàkígbà tí mágínẹ́ẹ̀tì ara sípóòkì bá kọjá. Àmì yẹn kò lágbára rárá. Ẹ̀rọ tó ń ṣètò agbára bátìrì nínú iná LED sì máa ń já iná, á tún so ó, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ariwo rédíò tó ń tibẹ̀ jáde, tí etí kì í gbọ́, á bo àmì náà mọ́lẹ̀. Bó o ṣe tan iná báyìí, mítà á bọ́ sí òdo, tàbí kó ní o ń sáré 90 km/h nígbà tó o ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ gun òkè. Gbígbé iná jìnnà sí mítà sábà máa ń ràn án lọ́wọ́.

Ti oníwáyà yàtọ̀: inú wáyà ni àmì rẹ̀ ń gbà, wáyà náà ló sì lè já. Síbẹ̀ òun ni mo fara mọ́ fún ìrìn alẹ́. Bí o kò bá fẹ́ wáyà rárá, wá èyí tó ń lo ANT+, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ aláìníwáyà kan tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ìgbì rédíò 2.4 GHz, níbi tí ariwo iná LED kì í sábà dé.