Mo bá ológbò àgbà kan wá ilé n'Ìkòròdú: ohun tí mo rí lọ́wọ́ àwọn tó bá mi wá a

Owó ni ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. ₦71,000 ni mo ná. ₦15,000 ni àwọn tó ń bá èèyàn wá ilé fún ẹranko gbà fún tiwọn, ₦8,000 ni owó ìdúró kéèjì tí wọ́n yá mi, ₦30,000 ni dókítà ẹranko gbà láti tẹ ológbò náà lọ́dàá, ₦7,000 fún abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ₦3,000 fún oògùn aràn. Èyí tó kù bá oúnjẹ àti kẹ̀kẹ́ lọ. Ọkọ mi ní owó yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ewúrẹ́, ewúrẹ́ sì ṣeé jẹ.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé, tó o bá he ológbò tàbí ajá tí o ò lè tọ́jú, wàá kàn sí wọn lórí WhatsApp. Wọ́n á bá ọ polówó rẹ̀, wọ́n á da ìbéèrè bo ẹni tó bá ní òun fẹ́ ẹ, wọ́n á lọ wo ilé onítọ̀hún, wọ́n á wá ṣètò bí ẹranko náà ṣe máa débẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Èèyàn mẹ́rin péré ni wọ́n, wọ́n ń gbìyànjú, àlébù tí mo sì fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí kò ṣeé tún ṣe.

Bí ológbò náà ṣe délé wa: àwọn ayálégbé ìsàlẹ̀ ní Ìgbógbó kó jáde lóṣù Kẹta. Wọ́n kó fíríìjì, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tiẹ̀ yọ gílóòbù iná, wọ́n wá fi ológbò sílẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa náà. Ẹni tó bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, á wò ó látòkè délẹ̀ bí ẹni pé owó ilé ló fẹ́ bèèrè. Bó ṣe di Láńlọ́ọ̀dù nìyẹn. Dúdú ni, àfi àmì funfun kan lábẹ́ ọ̀fun. Etí òsì rẹ̀ ti ya níbi ìjà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀ bíi ti akọ ológbò tí kò sẹ́ni tó tẹ̀ lọ́dàá rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé orí ẹja kòtè síwájú rẹ̀, kò fẹnu kàn án títí mo fi wọlé. Ọjọ́ kẹta ló tó jẹun níṣojú mi. Ọjọ́ kẹsàn-án ló fara nù mí lẹ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì yára kúrò bí ẹni tó ṣì mí mú.

Ká ní tèmi nìkan ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Àmọ́ ọmọ mi kékeré ní ikọ́ fée, bí ológbò bá sì ti pẹ́ díẹ̀ nínú pálọ̀, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ sì mọ bó ṣe ń rí pẹ̀lú ológbò dúdú ládùúgbò. Màmá kan ní kí n má jẹ́ kó sùn sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ẹnì kan ní kí n pa á, ẹlòmíì yára dá a lóhùn pé ẹ̀jẹ̀ ológbò wúwo, kí n má fọwọ́ ara mi fa wàhálà. Ọ̀gbẹ́ni kan wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé màá tà á. Mo bi í ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, kò fèsì. Ẹ̀rín yẹn ló lé mi débi tí mo ti ń wá àwọn tó mọṣẹ́.

Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù ni ìbéèrè. Ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án? Ṣé sílíǹ yín ní ihò? Ṣé onílé yín gbà kẹ́ ẹ máa sin ẹranko? Èyí tó jẹ́ kí n gbà fún wọn ni: kí lẹ fi ń pa eku? Ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ mú Láńlọ́ọ̀dù ń ta ìrẹsì lọ́jà Sábó. Ó ní òtápiàpíà làwọn ń dẹ sílẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, eku ò yé fa àpò ya, òun náà wá ní kóun mú ológbò kún un. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní rárá. Èmi fúnra mi ò ronú débẹ̀ rí. Eku tó ti jẹ òtápiàpíà kì í lè sáré mọ́, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kiri, òun gan-an sì ni ológbò á kọ́kọ́ rí mú. Oró tó wà nínú eku á bọ́ sínú ológbò. Wọ́n ní kí oníṣòwò náà lọ mú ọ̀kan nínú méjèèjì, májèlé tàbí ológbò. Títí di òní, kò tíì padà wá.

Wọ́n tún máa ń gba ₦10,000 lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbà á. Inú kọ́kọ́ bí mi, torí mo rò pé ọ̀fẹ́ ló máa yá. Obìnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá fẹ́ ẹ fún oògùn tàbí fún ọbẹ̀ kì í fẹ́ sanwó, kì í sì í fẹ́ ká mọ ilé òun." Mo rántí ọ̀gbẹ́ni ẹlẹ́rìn-ín, mo panu mọ́.

Títẹ̀ lọ́dàá àti abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ ti parí kí ológbò tó lọ. Àwọn ló júwe dókítà fún mi. Ó ya ẹnu rẹ̀ wò, eyín ti pọ́n, ọ̀kan lára eyín gígùn òkè ti kán, ó fojú bù ú sí ọdún 4 sí 6. Nítorí pé akọ ni, iṣẹ́ náà ò pẹ́, a jọ padà sílé lọ́jọ́ yẹn. Ó ti sọ fún mi pé ìtọ̀ tó ń tọ̀ sára ògiri lè má dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bó sì ṣe rí nìyẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, aládùúgbò mi kan, èèyàn dáadáa ni o, mú parasitamọ́ọ̀lù wá, ó ní ká fọ́ ìdajì sínú omi. Mo kọ́kọ́ pe dókítà. Ariwo tó pa! Ó ní ẹyọ kan péré tó láti pa ológbò, torí pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò lè tú oògùn yẹn palẹ̀ bí tèèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ológbò nílé, ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ìyókù tí mo kọ síbí lọ.

Ó yá, ibi tó ti dùn mí.

Ìpolówó tí wọ́n kọ: "Ológbò tó rẹwà, onísùúrù, ó fẹ́ràn ọmọdé, ó ń bá gbogbo èèyàn ṣeré." Láńlọ́ọ̀dù kẹ̀! Èmi tí mo ń bọ́ ọ, ọjọ́ kẹsàn-án ló tó fara kàn mí. Àwòrán tí wọ́n wá fi sí i, alẹ́ ni wọ́n yà á, iná kámẹ́rà bọ́ sójú rẹ̀, gbogbo ara dúdú, ojú méjì ń tàn bíi tọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń sá fún ológbò dúdú, àwòrán yẹn ti bá wọn fi ẹ̀rí kún un. Wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, ṣùgbọ́n àgúnmu tiwọn, ṣúgà ti pọ̀ jù níbẹ̀. Mi ò ní yọ ara mi sílẹ̀: mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n gbé e jáde. Mo ti fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí.

Ìdílé kan ládùúgbò Agric n'Ìkòròdú ló mú un, bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta. Obìnrin tó yẹ kó lọ wo ilé wọn ń gbé ní Kétu, ọjọ́ tó sì dá bọ́ sọ́jọ́ ọdún Mágbó lóṣù Karùn-ún. Gbogbo ará Ìkòròdú mọ̀ pé obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ náà. Ó ti dé Mile 12, ó ti fẹ́ wọ ọkọ̀ BRT, kó tó pè mí pé òun ń bọ̀. Mo ní kó yára yípo. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ n'Ìkòròdú yẹ kó máa bèèrè irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Dípò kó dá ọjọ́ mìíràn, fídíò WhatsApp ló fi wo ilé náà. Pálọ̀ mọ́, fèrèsé ní nẹ́ẹ̀tì, bàbá ilé ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ò yọjú, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn wọn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Orí wọ́dúróòbù ló fi ṣe ilé. Òru ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Lọ́jọ́ keje, èyí àbíkẹ́yìn gun àga, ó fa ìrù rẹ̀, Láńlọ́ọ̀dù sì fi èékánná ya á lápá. Bàbá wọn pe àwọn oníṣẹ́ náà títí, wọn ò gbé e, ó wá pè mí. Mo ní kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì mú káàdì àjẹsára ológbò náà dání. Káàdì yẹn ló jẹ́ kí ọkàn bàbá náà balẹ̀ díẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn sọ pé, "Ìyàwó wa, wọ́n ní ó fẹ́ràn ọmọdé ni." Ojú tì mí.

Nínú ìwé àdéhùn, wọ́n ní ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ò bá wọ̀, àwọn á gba ológbò padà láìbéèrè ìdí. Òótọ́ ni, wọ́n gbà á padà, wọ́n sì dá owó ọkùnrin náà padà láìyọ kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó dé, wọn ò sì ní àyè lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ẹranko, ló bá di pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ló tún padà sí. Ìyẹn ni mo ṣe yọ ìràwọ̀ méjì kúrò nínú márùn-ún.

Mo wá sọ fún wọn pé èmi ni màá kọ ìpolówó kejì. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ bẹ́ẹ̀ kò ní rẹ́ni gbà á. Mo kọ ọ́ báyìí: "Akọ ológbò dúdú, ọdún 4 sí 6, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó ti gba abẹ́rẹ́. Kò fẹ́ ariwo, kò fẹ́ ọmọdé. Bẹ́ ẹ bá gbé e, á já bọ́. Ó ń pa eku dáadáa, á sì kọ́kọ́ gbé e wá hàn yín kó tó jẹ ẹ́. Ó ti ya ọmọ kan lápá. Bẹ́ ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, á wá jókòó tì yín, á máa kùn." Mo ya àwòrán rẹ̀ láàárọ̀ lẹ́bàá fèrèsé, oòrùn ń bà á lára, ẹ sì rí i pé dúdú náà ti fẹ́ pọ́n díẹ̀ bí iṣu tó ta lójú iná, pẹ̀lú àmì funfun ọ̀fun yẹn.

Ìpolówó àkọ́kọ́ mú ìpè tó lé ní ogún wá. Tèmi mú mẹ́ta. Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà ni Màmá Ìjẹ̀dẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá gbé. Gbogbo ìbéèrè tó bi mi lórí fóònù kò ju ọ̀kan lọ: "Ìyẹn tẹ́ ẹ ní ó máa ń jókòó tini, ṣé òótọ́ ni àbí ẹ kàn kọ ọ́?" Mo ní òótọ́ ni, Màmá. Wọ́n ní ológbò tàwọn kú lọ́dún tó kọjá, pé àwọn èèyàn fẹ́ fún àwọn ní ọmọ ológbò, àwọn ò sì fẹ́, ẹsẹ̀ àwọn ò lè máa lé ọmọ ológbò kiri lórí kọ́tìnì. Ọmọ ológbò, ẹ ò tíì mọ irú ẹni tó máa yà. Èyí tó ti dàgbà ti jẹ́ irú ẹni tó jẹ́, ẹni tó bá fẹ́ ẹ mọ ohun tó ń gbé wọlé.

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn oníṣẹ́ náà fẹsẹ̀ wọn lọ wo ilé. Ọjọ́ Sátidé la gbé e lọ. Ó ké nínú kẹ̀kẹ́ láti Ìgbógbó títí mo fi tú ìró mi tí mo fi bo kéèjì náà, òkùnkùn ló pa á lẹ́nu mọ́. Ìjẹ̀dẹ̀ tí ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹgbin wà, mẹ́gáwáàtì 1,320, iná ò sí nílé Màmá nígbà tá a débẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni àwọn oníṣẹ́ náà ní kí Màmá kọ́kọ́ fi ológbò náà sí, Màmá sì ti ṣe é sílẹ̀: yanrìn nínú ọpọ́n ike, omi, àga onítìmùtìmù kan. A ṣílẹ̀kùn kéèjì. Kò jáde. Màmá ò pè é, wọn ò wò ó, wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Orí jáde, etí tó ya yẹn yí sápá ọ̀tún, ó yí sápá òsì. Ó gbóòórùn ẹsẹ̀ àga. Ó gbóòórùn ìgbátí ìró Màmá. Ó wá dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà wọn, ó kẹ̀yìn sí wa. Màmá ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹ máa lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú."

Àwọn oníṣẹ́ náà sọ pé ológbò tó dé ibi tuntun, ẹ fún un ní ọjọ́ 3 kí ẹ̀rù lọ, ọ̀sẹ̀ 3 kó mọ bí ilé ṣe ń lọ, oṣù 3 kó tó gbà pé ilé òun ni. Wọ́n pe Màmá lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè wọ́n lọ́sẹ̀ kẹta, wọn ò pè lóṣù kẹta. Màmá ló pè mí. Láńlọ́ọ̀dù ti sanra, ó ti gbé eku mẹ́rin wá jíhìn, ó ń sùn lórí ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá lọ́sàn-án.

Owó ìdúró kéèjì mi, ₦8,000, ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n dá kéèjì padà kí n tó gbà á. Mo ti lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀. Inú rẹ̀ ni Láńlọ́ọ̀dù ń sùn sí lálẹ́, Màmá sì ní àwọn ò lè lé e jáde.