Ojú Ewé 16 Tó Sọnù: Ìwé Ìtàn Mẹ́rin Tí Mo Kà Nínú Họ́lídé Yìí

Ibi tí mo ti ń retí bọ́ọ̀lù gan-an ni ìwé já sí. Sunny, ọmọ tí ìtàn tí mò ń kà dá lé lórí, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dé Àbújá, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀, mo ti gbé ẹsẹ̀ sórí àga kí n lè gbádùn rẹ̀ dáadáa. Mo ṣí ewé, mo bá ara mi níbòmíràn. Bọ́ọ̀lù ti tán, wọ́n ti ń sọ nǹkan mìíràn. Mo rò pé oorun ló ń kùn mí. Mo padà sẹ́yìn, mo wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìwé. Odindi ojú ewé 16 ló fò.

Ọmọ ọdún 14 ni mí, Ṣómólú là ń gbé, iṣẹ́ ìdìwé sì ni bàbá mi ń ṣe. Nígbà tí mo gbé ìwé náà lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò tiẹ̀ kà á. Wọ́n fi àtàǹpàkò ya ẹ̀yìn ìwé díẹ̀, wọ́n wo gọ́ọ̀mù ibẹ̀, wọ́n ní, "Abala kan ni wọ́n gbàgbé." Wọ́n mú bébà funfun kan, wọ́n ká a lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún ún ká, wọ́n ká a lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí n kà á. Ewé 8, ojú ewé 16. Bébà ńlá ni wọ́n ń tẹ̀, wọn á ká a, ọ̀kọ̀ọ̀kan á di abala, wọn á wá to àwọn abala náà tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó to tèmi fo ọ̀kan. Bàbá mi ní ẹni tó bá ń kánjú tẹ ayédèrú kì í ní àyè àtika abala. Orí nylon lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Yaba ni mo ti rà á ní ₦1,500. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tó ń bá wa ra ìwé, kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí i, ẹ fi ojú tẹ̀lé nọ́ńbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ìwé tí mò ń sọ ni What Sunny Saw in the Flames, tí Nnedi Okorafor kọ. Akata Witch ni wọ́n pè é nígbà tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011. What Sunny Saw in the Flames ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Nàìjíríà. Ìwé kan náà ni, ẹ má rà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Igbo ni Sunny, New York ni wọ́n ti bí i, Aba ni wọ́n ń gbé, ọmọ ọdún 12 ni, àfín sì ni. Bọ́ọ̀lù ni ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn kò jẹ́ kó gbá a lọ́sàn-án. Ó wá ṣàwárí pé òun ní agbára kan, òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lábẹ́ àwọn àgbà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni owó wọn. Ìgbàkígbà tí èèyàn bá kọ́ ohun tuntun, owó onírin á já bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi bàbà ṣe ló sì níye lórí jù, kì í ṣe ti wúrà. Alẹ́ ọjọ́ tí mo kà á ni mo jí àbúrò mi sọ fún un.

Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jí ọmọ gbé. Àǹtí mi rí ibẹ̀, wọ́n ní irú ìyẹn kò yẹ kó wà nínú ìwé ọmọdé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ jíjí gbé nínú rédíò dánfó, tí awakọ̀ á sì yí i sókè. Tíṣà wa ń sọ fún wa pé kí ẹnikẹ́ni má dá rìn lọ sílé. A ti mọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú rédíò, ọmọ tí wọ́n gbé lọ nìkan là ń gbọ́. Nínú ìwé yìí, àwọn ọmọ ló dìde sí i. Ẹ̀rù ba Sunny, ó sì lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì, àfín lòun náà, èmi àti ẹ̀ la jọ ka apá tó pọ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an níbẹ̀rẹ̀. Kò rí irú ara rẹ̀ rí nínú ìwé, àfi nínú àwọn fíìmù tí wọ́n ti fẹ́ fi àfín ṣe oògùn owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibi tí agbára Sunny ti dé tán, tí oòrùn ò sì jó o mọ́, ó pa ìwé dé. Ó ní, "Ṣé kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, àfi kí ara ẹ̀ yí padà ni?" Mi ò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, mo sì gbà pé òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀, òun ló ní odindi ẹ̀dà, láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà ló sì ní kí n wá gbé e kí n lè ka ohun tó sọnù.

Mi ò ní pẹ́ lórí Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi gbé jáde ní 2018. Ó ju ojú ewé 500 lọ, mo sì kà á láàárín ọjọ́ mẹ́rin, nítorí náà kò sú mi. Bí ikú ìyá Zélie, akọni inú ìtàn náà, ṣe ń bá a kiri, mo sunkún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ìlú ń dá mi dúró. Ìlọrin inú ìwé náà, orí òkun ló wà! Ìlọrin ni wọ́n bí ìyá mi sí. Mo bi wọ́n, wọ́n ní Odò Asà nìkan làwọn mọ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ àròsọ ni, òǹkọ̀wé lẹ́tọ̀ọ́ láti to ilẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú, àmọ́ ó gba ọjọ́ kan kí ọkàn mi tó gbà. Ìfẹ́ tó wà láàárín Zélie àti Inan, ọmọ ọba tó ń lépa rẹ̀, ìyẹn ni mi ò gbà títí dòní. Ẹni tó ń wá ọ̀nà àtipa ọ́ láàárọ̀, kí ló dé tí ọkàn rẹ á fi máa fà sí i lálẹ́?

Chike and the River ti Chinua Achebe kéré, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Onípànù dé Ìdúmọ̀tà ni mo ti kà á tán. Ó jáde ní 1966, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n parí afárá Onitsha. Nínú ìtàn náà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ṣì fi ń sọdá Odò Ọya lọ sí Asaba. Chike, ọmọ ọdún 11, kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ju kó sọdá lọ. Sísì ni owó lílọ, sísì ni owó bíbọ̀. Kò sí olè ńlá kankan nínú ìdajì àkọ́kọ́, owó ọkọ̀ nìkan ni ìṣòro, ó sì mú mi ṣinṣin, torí mo mọ bó ṣe rí kéèyàn máa ka owó ọkọ̀ lọ́wọ́. Ó dùn mí pé ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ ṣẹ́ kù sí abúlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé bí ẹni tí a gbàgbé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá nínú wọn, ẹnì kan fẹ́ rí odò náà.

Ìdúmọ̀tà ni mo bọ́ sí lọ́jọ́ náà torí ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìsàlẹ̀ Èkó. Ojú wọn ti ń ṣú, èmi ni mò ń ka ìwé fún wọn ní gbogbo Sátidé. Ìwé tiwọn ni, láti ìgbà èwe wọn, èèpo rẹ̀ ti já: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti D.O. Fágúnwà, tó kọ́kọ́ jáde ní 1938. Ní ilé ìwé mi, ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì ń san ₦50, wọ́n ní "fànákúlà" ni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ń há mi lọ́fun. Màmá ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, mo ń kà, mo dé orí orúkọ akọni náà, mo pè é ní Àkàrà-ogun. Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà.

"Kí lo pè é?"

"Àkàrà-ogun, mà."

"Ogun kọ́. Oògùn! Kí ni ìyá ẹ̀?"

"Àjẹ́, mà."

"Bàbá ẹ̀ ńkọ́?"

"Ọdẹ ni, mà. Ó ní oògùn gan-an."

"Ó dáa. Kí ló tún yẹ kí wọ́n fi dín ọmọ wọn?"

Mo tún un pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó gbé ọwọ́ padà sínú ẹ̀wà.

Nígbà tí a dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti yìnbọn fún àgbọ̀nrín, tó wá jẹ́ pé ìyàwó ara rẹ̀ ni, Àǹtí mi wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Fo ibẹ̀ yẹn." Màmá ní, "Kà á." Mo kà á. Ara mi bù máṣọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò sọ̀rọ̀ títí mo fi ka ibẹ̀ tán, kí Màmá tó ní ìgbà tí wọ́n ka ibẹ̀ fún àwọn, àárín àwọn ẹ̀gbọ́n òun lòun ń sùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọn ò ní kí n má bẹ̀rù. Àgbákò, ẹ̀dá inú ìwé náà tó ní ojú mẹ́rìndínlógún, wọ́n ní kí n fi ìka tọ́ka sí orí ara mi, kí n ka ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè wà.

Ìmọ̀ràn pọ̀ nínú Fágúnwà, mi ò lè parọ́. A ti dé ilé Ìràgbèje báyìí, tó ń fi ojoojúmọ́ kọ́ àwọn ọdẹ náà lẹ́kọ̀ọ́, mo sì ń yán. Màmá ò yán. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Fágúnwà." Tí mo bá fẹ́ fo ìlà kan, wọ́n á mọ̀.

Àwọn ọmọ ọdún 10 lè ka ti Chike. Ti Sunny, láti ọdún 11 sókè. Ti Zélie, kí ẹ dúró di ọdún 13 tàbí 14, torí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ti Fágúnwà, ẹ wá àgbàlagbà kan tí ẹ máa kà á sí létí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bàbá mi ṣe fọ́tókópì ojú ewé 16 yẹn láti inú ẹ̀dà ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ká a, wọ́n la ẹ̀yìn ìwé tèmi, wọ́n ki abala náà sí ààyè rẹ̀, wọ́n fa gọ́ọ̀mù lé e, wọ́n fi bíríkì méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Orí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ka bọ́ọ̀lù náà, pẹ̀lú ariwo máṣìn. Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Abala tuntun náà funfun ju ìyókù lọ. Bí ẹ bá di ìwé náà mú tí ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa rí i, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, nítòsí ìparí.