X25519 àbí P-256? Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó

Ìwé iye owó méjì ni Àlàájì kan láti Ọ̀fà kó wá bá mi ní Tanke, ní Ìlọrin. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn fẹ́ áàpù tí àwọn agbowó tó ń káàkiri ọjà yóò máa fi gbé àkọsílẹ̀ wọlé sí ọ́fíìsì, wọn ò sì fẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn rí iye tí ọmọ ẹgbẹ́ ní. Pùrógírámà àkọ́kọ́ kọ "X25519, libsodium" sínú ìwé tirẹ̀. Èkejì kọ "P-256, OpenSSL, pẹ̀lú chip", owó tirẹ̀ sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa.

"Ọmọ mi," Àlàájì ní, "èwo ni ká rà? Àbí iyán kan náà ni, abọ́ ló yàtọ̀?"

Wọn kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èsì tí mo fún wọn síbí.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Iṣẹ́ kan náà ni: ọ̀nà tí ẹ̀rọ méjì ń gbà ṣàdéhùn kọ́kọ́rọ́ àṣírí ni X25519 àti P-256. libsodium àti OpenSSL ni àkójọ kóòdù (library) tí pùrógírámà fi ń lò wọ́n. Fóònù agbowó tó wà ní Ọjà Ìpàtà àti sáfà ọ́fíìsì (kọ̀ǹpútà tó ń gba àkọsílẹ̀) ò pàdé rí, síbẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ jọ ní kọ́kọ́rọ́ kan tí wọn yóò máa fi pàrokò síra wọn, kí ẹni tó ń yọ́ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn má sì mọ kọ́kọ́rọ́ náà. Létí, ó dà bí irọ́. Whitfield Diffie àti Martin Hellman ló fi hàn ní 1976 pé ó ṣeé ṣe. Ní 1985, Neal Koblitz àti Victor Miller, tí oníkálukú dá ronú tirẹ̀, ní kí a fi àwọn àmì tó wà lórí kọ́ọ̀fù, ìlà títẹ̀ inú ìṣirò, ṣe é. X25519 àti P-256 ń ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́ọ̀fù wọn ló yàtọ̀.

Ẹ mú bírò. Kọ́ọ̀fù kékeré kan rèé: y² = x³ + 2x + 2. Gbogbo ìṣirò tí a bá ṣe, a ó fi 17 pín in, ìyókù nìkan la ó mú. Kọ́ọ̀fù ní òfin àròpọ̀ tirẹ̀, tí ẹ bá ro àmì kan pọ̀ mọ́ òmíràn, àmì mìíràn lórí kọ́ọ̀fù yẹn náà ni yóò jáde. Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni (5, 1), kì í ṣe àṣírí. Fóònù fi 3 sínú, kò sọ fún ẹnì kan. Sáfà fi 5 sínú. Fóònù sọ (5, 1) di ìlọ́po mẹ́ta, ó rí (10, 6), ó fi ránṣẹ́. Sáfà sọ (5, 1) di ìlọ́po márùn-ún, ó rí (9, 16), òun náà fi ránṣẹ́. Fóònù wá fi 3 rẹ̀ sọ (9, 16) di ìlọ́po mẹ́ta. Sáfà fi 5 rẹ̀ sọ (10, 6) di ìlọ́po márùn-ún. Àwọn méjèèjì balẹ̀ sí (3, 16).

Ẹni tó ń yọ́ gbọ́ rí (5, 1), ó rí (10, 6), ó rí (9, 16). Kò rí 3, kò rí 5. Lórí kọ́ọ̀fù tiwa yìí, àmì 18 péré ló wà, ọmọ iléèwé lè máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi já a. Lórí kọ́ọ̀fù gidi, iye àmì tó wà níbẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà tí díjíìtì rẹ̀ lé ní 75. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè kà á tán.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | X25519 | P-256 |
|---|---|---|
| Ẹni tó gbé e jáde | Daniel J. Bernstein, 2006 | NIST, àjọ ìlànà ti Amẹ́ríkà, 2000 |
| Ohun tí à ń fi ránṣẹ́ | báìtì 32 | báìtì 65, tàbí 33 tí a bá fún un pọ̀ |
| Agbára | nǹkan bíi bit 128 | nǹkan bíi bit 128 |
| Chip tó mọ̀ ọ́n | díẹ̀ | púpọ̀ |

Ẹ wo ìlà kẹta yẹn dáadáa. Agbára wọn dọ́gba (bit 128 ni pé ẹni tó fẹ́ já a yóò gbìyànjú bíi ìgbà 2¹²⁸). Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó lé e nítorí pé "P-256 le jù", ẹ má dá a lóhùn. Ti báìtì náà ò tó nǹkan: báìtì 33 tí P-256 fi ju X25519 lọ ò lè jẹ dátà ẹnikẹ́ni. RSA, ọ̀nà àtijọ́ tí kì í lo kọ́ọ̀fù, ni nǹkan ńlá, ó nílò bit 3072 kó tó ní agbára tí bit 256 ń fún wa níbí.

Ibi tí wọ́n ti yà ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó kọ kóòdù bá ṣàṣìṣe. Tí P-256 bá gba àmì láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé orí kọ́ọ̀fù ni àmì náà wà lóòótọ́. Tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀bàyéjẹ́ lè fi àmì èké ránṣẹ́ léraléra, kọ́kọ́rọ́ àṣírí yóò sì máa jò síta díẹ̀díẹ̀ bí omi inú ìkòkò tó sán. X25519 ò gba x àti y, x nìkan ló ń gbà, wọ́n sì ti yan kọ́ọ̀fù rẹ̀ (2²⁵⁵ − 19 ni orúkọ rẹ̀ ti wá) lọ́nà tí ẹ̀tàn yẹn ò fi ní ibi tí yóò gbà wọlé. Ohun kan tó kù kí kóòdù ṣọ́ ni pé bí èsì bá jẹ́ òdo látòkè délẹ̀, kó kọ̀ ọ́. Ìgbésẹ̀ ìṣirò rẹ̀ tún máa ń dọ́gba ní gbogbo ìgbà, ohun yòówù kí nọ́ńbà àṣírí jẹ́, kí ẹni tó ń fi aago wọn bó ṣe ń yára má baà rí nǹkan kan mú. P-256 náà ṣeé kọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọwọ́ tó dá múṣémúṣé ló ń ṣe é.

Fún èmi o, X25519 ni, àyàfi tí ohun kan bá fipá mú yín.

Àwọn ohun tó ń fipá múni wà. TLS 1.3, ìlànà tó jáde ní 2018 tí ọ̀pọ̀ ìkànnì https ń lò, sọ P-256 di dandan, ó kàn gba X25519 níyànjú. Ilé-iṣẹ́ kan lè ní ohun tí NIST fọwọ́ sí nìkan lòun ń gbà. Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni chip. ATECC608 tí Microchip ń ṣe máa ń pa kọ́kọ́rọ́ àṣírí mọ́ sínú ara rẹ̀, inú rẹ̀ náà ló ti ń ṣe ìṣirò, kọ́kọ́rọ́ ò jáde láéláé. P-256 nìkan ló sì gbọ́. Secure Enclave, apá tó ń pa àṣírí mọ́ nínú iPhone, náà ò fún áàpù ní kọ́ọ̀fù mìíràn ju P-256 lọ. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ kékeré lẹ fẹ́ kó fún agbowó, tí ẹ sì ń bẹ̀rù pé wọ́n lè já a gbà lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, chip ni mo máa ní kí ẹ rà, P-256 yóò sì bá a wọlé.

Mo bi Àlàájì léèrè: "Kí ni àwọn agbowó yín ń lò?"

"Tecno tí oníkálukú ní lọ́wọ́."

"Ibo wá ni pùrógírámà yín fẹ́ so chip mọ́ lára rẹ̀?"

Wọ́n wo ìwé èkejì, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Library: ẹ má sanwó fún èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́

libsodium jẹ́ ọ̀fẹ́, láísẹ́ǹsì ISC ló ní, ẹ lè fi sínú áàpù tí ẹ fẹ́ tà. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé kò fún pùrógírámà láyè púpọ̀ láti bà á jẹ́. Ẹ pe `crypto_kx`, kọ́kọ́rọ́ méjì yóò jáde, ọ̀kan fún ìfiránṣẹ́, èkejì fún ìgbàwọlé, wọ́n ti wẹ̀ wọ́n mọ́.

OpenSSL náà jẹ́ ọ̀fẹ́, Apache 2.0 ni láísẹ́ǹsì rẹ̀ láti ẹ̀dà 3.0 tó jáde ní 2021. Ó gbòòrò. X25519 wà nínú rẹ̀ láti 1.1.0 ní 2016, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi sọ pé "OpenSSL ni mo ń lò, P-256 ló kàn". Ewu rẹ̀ ni pé `EVP_PKEY_derive` máa ń gbé èsì kọ́ọ̀fù fún ni ní tútù. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi èsì tútù pàrokò tààrà, HKDF, ìṣirò tó ń sọ èsì tútù di kọ́kọ́rọ́ tó ṣeé lò, ló yẹ kó gbà kọjá ná. Mo ti rí kóòdù tó gbàgbé èyí, ó sì ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí pé àṣìṣe yìí kì í pariwo.

Nínú àwọn library yòókù, Mbed TLS dára fún ESP32 (chip kékeré olówó pọ́ọ́kú) àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké. wolfSSL ní ojú méjì: GPL lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí láísẹ́ǹsì olówó tí ẹ kò bá fẹ́ ṣí kóòdù yín síta. Èdè pùrógírámà Java 11 sókè àti Go 1.20 sókè ti ní X25519 nínú ara wọn.

Tí pùrógírámà kan bá wá ní òun fúnra òun ló kọ ìṣirò kọ́ọ̀fù láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ sì gbé owó yín padà sápò.

Ibi tí owó yín yẹ kó lọ

Ẹgbẹ́ kan ní ìlú yìí ti ra irú áàpù yìí rí. X25519 ló wà nínú rẹ̀, libsodium ni, kóòdù rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n dán an wò. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi sáàárín fóònù àti Wi-Fi wọn. Fóònù fi báìtì 32 rẹ̀ ránṣẹ́ sí sáfà. Mo gbà á, mo fi tèmi rọ́pò rẹ̀. Sáfà fèsì, mo tún gbà á, mo tún fi tèmi rọ́pò. Fóònù bá èmi ṣàdéhùn, ó rò pé sáfà ni. Sáfà bá èmi ṣàdéhùn, ó rò pé fóònù ni. Agbowó tẹ ₦2,000 sí orúkọ ìyá kan tó ń ta wàrà, mo kà á, mo sọ ọ́ di ₦200, mo fi lọ. Wọ́n ní "Ó ti wọlé" lójú fóònù.

Kò sí ohun tó ṣe kọ́ọ̀fù. Kọ́ọ̀fù ò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n fi àrokò rán kì í lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ tí wọn yóò fi mọ ẹni tó rán an. Nínú áàpù, ohun náà ni kọ́kọ́rọ́ ìta gbangba ti sáfà (àmì rẹ̀ tí kì í ṣe àṣírí) tí wọ́n ti kàn mọ́ inú áàpù kí fóònù tó kúrò ní ọ́fíìsì, tàbí Ed25519, ìfọwọ́sí orí kọ̀ǹpútà, tàbí ìwé ẹ̀rí TLS tí áàpù ń yẹ̀ wò lóòótọ́. Ti fóònù náà ńkọ́? Kí agbowó gbé e wá sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan, kí akọ̀wé forúkọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ara rẹ̀. Kí áàpù sì máa ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kí fóònù tó sọnù lónìí má baà ṣí ti àná.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà quantum náà ń bọ̀. Peter Shor ti fi hàn láti 1994 pé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tí ó bá tóbi tó, yóò já X25519 àti P-256 papọ̀. NIST gbé ML-KEM, ọ̀nà àdéhùn kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ṣe kí kọ̀ǹpútà quantum má lè já a, jáde ní oṣù kẹjọ 2024, OpenSSL 3.5 sì ti ní in. Kọ́kọ́rọ́ ìta gbangba ML-KEM-768 jẹ́ báìtì 1,184. Fún àkọsílẹ̀ àjọ, mi ò ní kí ẹ sanwó fún un lónìí. Ẹ kàn rí i pé áàpù ṣeé yí padà láìtún un kọ.

Ọmọ Ọ̀fà ni Àlàájì, ìjàkadì lorò wọn. Lójú mi níbẹ̀ ni wọ́n ti pe pùrógírámà àkọ́kọ́: "Báwo ni fóònù ṣe máa mọ̀ pé sáfà tiwa lòun ń bá sọ̀rọ̀?"

Ọmọ náà dákẹ́ fúngbà díẹ̀. "Bàbá, ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì."

Ọjọ́ kejì ló pè padà, iye owó rẹ̀ sì lé díẹ̀. Àlàájì ò ná an.