Lẹ́yìn eré ìdárayá: ẹyin ni àbí ẹ̀wà?

Ẹni tó bá sáré tàbí gbé irin tán, iṣan ara rẹ̀ ń wá amúaradàgbà tí yóò fi tún ara ṣe. Ẹyin ńlá kan ní bíi gíráàmù 6. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 13. Ṣùgbọ́n ti ẹyin ló pé jù: gbogbo èròjà amúaradàgbà tí ara kò lè dá ṣe ló wà níbẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú fítámìn B12 tí kò sí nínú ẹ̀wà rárá. Kì í sì í pẹ́ jinná.

Síbẹ̀, ẹ̀wà ni èmi yóò mú. Ó ní èròjà afúnnilókun tí ń dá okun tí eré gbà lára padà, ó sì ní fáíbà tí ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Ẹyin kò ní méjèèjì tó nǹkan. Èròjà tó kéré nínú ẹ̀wà, àgbàdo ní in, ìyẹn ni àdàlú fi dára tó bẹ́ẹ̀ (àwọn ìyá wa ti ń sè é tipẹ́!). Ẹ kàn dín epo rẹ̀ kù. Kí ẹ tó sáré ńkọ́? Ẹ má jẹ ẹ̀wà o, inú yóò máa kùn.