Ẹ Má Sanwó Lórí Akọ Ẹṣin Tí Ẹ Kò Tíì Yẹ Ọrùn Rẹ̀ Wò

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń sin ẹṣin ní South Africa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Oṣù September tó ń bọ̀ ni akọ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun abo, àwọn tó ń jẹ lára wa sì ti ń gbé àwòrán ẹṣin kiri. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Karoo, lápá Colesberg. Ó gba owó mi, ó sì fi ọdún kan abo ẹṣin mi ṣòfò. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Èmi tí mo ṣáájú ti já sí kòtò, ẹ má gba ibẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní akọ tọ́róbúrẹ́ẹ̀dì tòun, ìyẹn ẹ̀yà ẹṣin tí wọ́n ń sìn fún eré ìje, wá láti ìran ẹṣin tí Lord Charles Somerset kó wọ ilẹ̀ Cape nígbà tó ń ṣe gómìnà ibẹ̀, láti 1814 sí 1826. Òótọ́ ni pé Somerset kó ẹṣin wá. Ó tún ní nígbà tí àìsàn ẹṣin tí wọ́n ń pè ní African horse sickness jà ní 1854 sí 1855, tó pa ẹṣin bí 70,000 ní Cape, bàbá ńlá akọ òun kò kú, torí náà àìsàn yẹn kì í mú un. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dìde. Kòkòrò kéékèèké tó ń fò lálẹ́ ló ń gbé àìsàn yẹn kiri, ọdọọdún la sì ń gún ẹṣin wa lábẹ́rẹ́ nítorí rẹ̀. Kò sí bàbá ńlá tó lè gba ẹṣin sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé akọ òun kò nílò abẹ́rẹ́, ẹ má jẹ́ kí abo yín dé ọgbà rẹ̀.

Mo san ráńdì 18,000 fún ìgùn, mo tún ń san 150 lójúmọ́ fún oúnjẹ. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó fi àwòrán inú abo mi ránṣẹ́, pé oyún ti dúró. Inú mi dùn débi pé mo pe ọkọ mi láti yàrá kó wá wò ó. Dókítà ẹran wa ló ní kí n fẹ igun àwòrán náà lójú. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ni 19 August. Ọjọ́ 7 September ni mo gbé Àdùkẹ́, abo ẹṣin mi, dé ọgbà ọkùnrin náà.

Mo ní kó dá ẹṣin mi padà. Ó ní ìjọba kò jẹ́ kí ẹṣin jáde nítorí àìsàn. Irọ́ ni o! Ẹṣin tó ń wọ agbègbè tí wọ́n ń ṣọ́ ní Western Cape, lápá Cape Town, ni òfin yẹn mú. Gauteng, nílé wa, ni tèmi ń bọ̀. Owó oúnjẹ ló ń kà.

Èmi àti dókítà wakọ̀ lọ. Dókítà ṣí ẹnu akọ náà. Ìwé rẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án ni. Lára eyín tó wà nígun lókè, ìlà dúdú kan ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì. Ìlà yẹn kì í yọ títí ẹṣin fi máa tó bí ọdún mẹ́wàá; tó bá dé ìdajì, ẹṣin náà ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Eyín kì í ṣe kàlẹ́ńdà, torí náà ó fi ẹ̀rọ kan apá òsì ọrùn rẹ̀ láti ka ṣíìpù, ìyẹn ohun tíńtín tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ti fi sínú ọrùn ẹṣin. Ó dún tíì. Nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde. Ó ń ka ti ojú ẹ̀rọ, mo ń fọwọ́ tọ ti inú ìwé. Nọ́ńbà keje ni méjèèjì ti yàtọ̀ síra.

Ẹṣin kan ló ní ìwé, òmíràn ló ń gun abo wa. Ká tiẹ̀ ní Àdùkẹ́ lóyún, tí wọ́n bá fi irun gọ̀gọ̀ ọmọ náà yẹ bàbá rẹ̀ wò, wọn ò ní kọ ọ́ sínú ìwé ìran tọ́róbúrẹ́ẹ̀dì láéláé. Ọwọ́ òfo ló sì bá a dé ilé. Oṣù mọ́kànlá ni ẹṣin ń lóyún, August 1 sì ni wọ́n ń ka ọjọ́ ìbí gbogbo wọn níbí. Ọmọ tó bá pẹ́ kó tó wáyé, àwọn tó jù ú lọ ni yóò máa bá sáré. Nítorí náà, a ní láti dúró di ọdún mìíràn.

Àbúrò kan ní Bloemfontein ra àtọ̀ dídì lọ́wọ́ ọkùnrin yìí kan náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, nítorí ìwé ìran tọ́róbúrẹ́ẹ̀dì kì í gba ọmọ tí wọ́n fi àtọ̀ dídì bí. Akọ gbọ́dọ̀ gun abo fúnra rẹ̀.

Dókítà tiyín ni kẹ́ ẹ mú lọ, kì í ṣe èyí tí olówò bá pè fún yín. Kó ka ṣíìpù níṣojú yín kówó tó jáde lápò. Kẹ́ ẹ sì gbà á sínú ìwé àdéhùn pé bí kò bá sí ọmọ tó wà láàyè, owó yóò padà.

Akọ tí ọkùnrin náà ń lò báyìí pupa dúdú, ó ní ààmì funfun níwájú orí bí ẹyin ẹyẹlé, etí rẹ̀ ọ̀tún ya díẹ̀ lókè. Ó ti ń fi orúkọ mìíràn pè é. Bí wọ́n bá fi àwòrán rẹ̀ hàn yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó dá wọn lóhùn. Ẹjọ́ ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ń gba ẹ̀rí.